Ọ̀rọ̀ Ọdún Tuntun: Ogun Òkèèrè àti Ìwé Ìṣirò Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026)

Àwọn tí a jọ jókòó níhìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, tí wọn kò sí mọ́ lónìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ní ti àwọn aṣojú tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, a ti rán ènìyàn lọ bá wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a jẹ oúnjẹ wọn tán kí wọ́n tó dé.

Ó ti di àṣà wa pé ní ìpàdé kìíní ọdún, kí a tó ṣí ìwé ìṣirò, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí ayé ti rí àti ohun tí a ń fẹ́ kí ọdún mú wá fún wa. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí gùn jù. A gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí kí ẹ bá wa fara dà á, nítorí ọ̀rọ̀ ayé ti wọ inú ìwé ìṣirò wa, a kò sì lè ka ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe àwa fúnra wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ ilẹ̀ Yukréènì. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ wa jókòó lórí ajílẹ̀ tí a ó rà fún àwọn àgbẹ̀. Ìyá kan láàárín wa tí ń ta búrẹ́dì dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ń bá mi yan búrẹ́dì sọ pé owó fúláwà ti ń gòkè nítorí ogun àwọn òyìnbó yìí. Bí owó ajílẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tètè rà á." A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó wà lórí ìjókòó iwájú níhìn-ín, béèrè pé kí ni ó pa Yukréènì pọ̀ mọ́ oko àgbàdo. A sún ọ̀rọ̀ náà di oṣù karùn-ún. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, owó tí ì bá ra àpò mẹ́ta kò ra ju méjì lọ. Inú bí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti san owó sílẹ̀, wọ́n sì jàre.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni a ti wá mọ̀ báyìí. Rọ́ṣíà àti Yukréènì wà lára àwọn tí ń ta àlìkámà jù fún gbogbo ayé. Pọ́táàṣì tí a ń pò mọ́ ajílẹ̀, ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti ti aládùúgbò rẹ̀ Bẹ̀lárúùsì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Gáàsì ni a fi ń ṣe yúríà, owó gáàsì sì fò sókè ní ọdún náà. Yúríà tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wa níhìn-ín pàápàá, ẹni tí ń tà á ń wo iye tí òkèèrè ń san kí ó tó dá owó lé e fún wa. Ní oṣù keje ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilẹ̀ Tọ́kì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí ọkọ̀ ojú omi máa kó ọkà kọjá lórí Òkun Dúdú. Àdéhùn náà gbé ọdún kan, Rọ́ṣíà sì yọ ọwọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023. Ìyá oníbúrẹ́dì kò ka èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ń ra fúláwà lójoojúmọ́ ni.

Ní ti owó ìrànwọ́ orí epo tí ìjọba yọ ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, àti náírà tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún kan náà, a kò ní sọ púpọ̀. Ojú gbogbo wa ni ó ṣe. Ẹ̀ka tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ti sọ fún wa nínú ìwé wọn pé iye tí wọ́n fi ń lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń gbé wọn lọ báyìí.

Àwọn ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò wa náà mọ ti Nìjẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023, a ti ẹnubodè pa, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2024 kí Nàìjíríà tó ṣí i. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà tí ń ti ọ̀hún wá di ohun tí à ń wá kiri. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Nìjẹ̀, Málì àti Bùkínà Fásò jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ECOWAS pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1975 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún tí ó pé àádọ́ta ọdún gan-an ni mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ilé kó ẹrù wọn jáde. Àwa tí a ń ṣe ẹgbẹ́ mọ bí ó ti ń rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde kò níí sọ gbogbo ohun tí ń dùn ún, àwọn tí ó kù kò sì níí béèrè.

Ṣùgbọ́n kòkó ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò pé 3,000 dọ́là lọ́jà New York. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ó kọjá 11,000. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà ó kọjá 12,000. Kí ló dé? Òjò pọ̀ jù ní ọdún 2023, kòkó rà lórí igi. Ọ̀dá tẹ̀lé e. Àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú sì ti ń jẹ oko ní Gánà àti Ivory Coast fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì ń mú ju ìdajì kòkó ayé jáde. Ìyà àwọn ará Gánà ni ó di ọrọ̀ fún àwọn ará tiwa. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ìjọba ni ó ń dá iye lé kòkó. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, láti ọdún 1986 tí a ti pa ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó fún ìjọba rẹ́, iye tí ọjà bá sọ ni àgbẹ̀ ń gbà. Nítorí náà ẹni tí ó ní kòkó ní ọdún 2024 rí owó tí bàbá rẹ̀ kò rí rí.

Inú wa dùn fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a ṣe ìlara. A rí òrùlé tuntun, a rí ọmọ tí ó padà sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n a rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ yá lówó láti ra oògùn kòkó gbé kòkó wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ fún alágbàtà tí ó fi díẹ̀ lé owó ẹgbẹ́. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní àwọn yóò san owó náà nígbà tí iye bá tún gòkè. Àwọn mìíràn wá yá owó tuntun, wọ́n fi ra oko àgbà kòkó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní iye tí ó ń dẹ́rù bani. Àwa tí a jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó yẹ kí a sọ pé rárá, a fi iye kòkó ti oṣù kejìlá ọdún 2024 ṣe ìṣirò ohun tí wọn yóò lè san. Àwa náà gbà pé ohun tí ó gòkè yóò máa gòkè ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2025, òjò ṣe dáadáa díẹ̀ sí i, àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì sì ti dín kòkó inú rẹ̀ kù nítorí ọ̀wọ́n. Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì iye tí ó jẹ́ ní oṣù kejìlá tí ó ṣáájú. Náírà tí a gbà gbé gbèsè kò wálẹ̀ bá a.

Bàbá kan wá sí ọ́fíìsì wa nínú oṣù kọkànlá. Ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. A fún un ní omi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ìwọ̀n kòkó mi kò dín. Igi kan kò kú nínú oko mi. Báwo ni gbèsè mi ṣe wá tóbi ju oko lọ?" A mú ìwé jáde, a ṣàlàyé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ta ni ó ń sọ iye náà?" A ní àwọn ènìyàn kan ní Lọ́ńdọ́nù àti New York ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti rí igi kòkó rí?" A ní bóyá ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn tí àwọn ẹ̀ka kan kọ ránṣẹ́, tí ẹ ó dìbò lé lórí ní ọ̀sán yìí: pé kí a pín owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n fi san gbèsè. A mọ̀ pé inú rere ni ó bí ìmọ̀ràn náà. Síbẹ̀ a kò fara mọ́ ọn, a sì fẹ́ fi ìtàn kan sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ó bọ́ sí ìgbà ọdún tuntun, ó sì kan Abẹ́òkúta.

Ẹ mọ àwọn ará Rochdale. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a kì í ti dárúkọ wọn, títí tí yóò fi sú ènìyàn: àwọn ènìyàn 28 tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Toad Lane ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1844, tí ọjà wọn kò ju fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, ọkà ótì àti àbẹ́là lọ. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà tí ogun Amẹ́ríkà dé. Ní ọdún 1861 àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi ẹrú gbin òwú, bá àwọn ará Àríwá jà. Àwọn ará Àríwá dí èbúté wọn. Òwú kò dé Ìlú Ọba mọ́, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní agbègbè Manchester àti Rochdale bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ebi sì wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́.

Àwọn olówó kan ń fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ran àwọn ará Gúúsù lọ́wọ́ kí òwú lè dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1862, àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ sí gbọ̀ngàn Free Trade Hall ní Manchester, wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé lẹ́yìn òmìnira àwọn ẹrú ni àwọn wà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kìíní ọdún 1863, Lincoln fọwọ́ sí ìkéde pé àwọn ẹrú tí ó wà ní ilẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ di òmìnira. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ó kọ èsì sí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ebi ń pa ni ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. A máa ń rántí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìparí ọdún.

Ẹgbẹ́ Rochdale ńkọ́? Iye ọmọ ẹgbẹ́ dín ní ọdún 1862, ní ọdún 1863 ó sì tún pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gba nínú owó tí kálukú wọn ti fi pamọ́, òun ni wọ́n fi jẹun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò tú ara rẹ̀ palẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn kì í tí í ta àwìn, nítorí náà gbèsè àwọn oníbàárà kò rì wọ́n. Ibi tí a ń lọ nìyẹn. Owó tí kálukú yín fi pamọ́, tiyín ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á, kí ó wá gbà á. Owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, ó jẹ́ ti àwọn tí kò tíì wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Bí a bá pín in lónìí, ẹni tí ó jẹ gbèsè ńlá ni yóò jèrè jù, ẹni tí ó fi sùúrù san tirẹ̀ tán yóò sì máa wò wá lójú. Dípò bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ ń dá a lábàá pé kí a na gbèsè kòkó gbogbo sí ìkórè mẹ́ta, kí a sì dín èlé rẹ̀ kù sí ìdajì fún ẹni tí ó bá gbé kòkó rẹ̀ wá sórí ìwọ̀n ẹgbẹ́. Yóò dín èrè tí a ó pín fún gbogbo wa lọ́dún yìí kù. Àwa tí a wà ní ọ́fíìsì náà yóò gba díẹ̀.

A ní ọ̀rọ̀ náà kan Abẹ́òkúta. Láti àárín ọdún 1850 sí 1860, oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, ń kó ẹ̀rọ tí a fi ń ya òwú kúrò lára kóró ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá, òwú Ẹ̀gbá sì ń lọ sí Ìlú Ọba. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà sọ òwú di wúrà, ṣé kì í ṣe Abẹ́òkúta ni ó yẹ kí ó jèrè jù? Ọdún 1860 sí 1862 yẹn gan-an ni ogun Ìjàyè gbóná, àwọn Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀, àwọn tí ì bá máa gbin òwú wà lójú ogun. Òwú wọ́n ní gbogbo ayé, àwa ń bá ara wa jà. A kì í fẹ́ràn láti máa ka ìtàn yẹn.

Ohun kan tún ń bọ̀ láti òkèèrè tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré bí a ti fi ọ̀rọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ṣeré. Ní ọdún 2023 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó bá wọ ilẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ ti inú oko tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tí ń kó kòkó náà wọlé gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí oko wà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ òfin náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n sún kẹ́yìn ní oṣù kejìlá ọdún 2025 gbé e dé òpin ọdún 2026 fún àwọn oníṣòwò ńlá. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé wọn yóò tún sún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwa kò níí gbé oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé orí "ó lè rí bẹ́ẹ̀".

A mọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Àgbẹ̀ tí ó bá rántí Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìwé àti bírò wọ oko òun, nítorí ẹni tí ó bá ka oko lónìí ni yóò béèrè owó orí lọ́la. Nítorí ìdí èyí ni a fi fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni yóò ṣe é, kì í ṣe àlejò. Fóònù ni a fi ń ṣe é. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì kan péré tó. Tí ó bá jù bẹ́ẹ̀, a ó rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Ọmọ yín tí ó ka ìwé mẹ́wàá tí kò rí iṣẹ́ ṣe lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Ìwé náà yóò wà nínú àpótí ẹ̀ka yín, ẹ̀yin ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, alágbàtà tí ó bá sì fẹ́ rí i ní láti wá bá ẹgbẹ́ ra kòkó. A kò fi ìyẹn pamọ́ fún yín: a ń retí pé yóò dá àwọn tí ń gba ẹ̀yìnkùlé padà sójú ọ̀nà.

Kí ni a tún ń fẹ́ lọ́dún yìí? Púpọ̀. A ń fẹ́ kí ogun Sùdáánì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023 dúró. Ogun yẹn kì í sábà wọ ìròyìn orí rédíò wa, bẹ́ẹ̀ ènìyàn dúdú bí tiwa ni wọ́n ń sá kúrò nílé. A ń fẹ́ kí àdéhùn ìdáwọ́-ogun-dúró tí wọ́n ṣe ní Gásà nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025 di àlàáfíà tòótọ́, kí àwọn ọmọdé ibẹ̀ lè sùn. A ń bá àwọn ìbátan wa ní Kétu, Ṣákétẹ́ àti Àjàṣẹ́ dúpẹ́ pé ìbọn tí wọ́n gbọ́ ní Kútọnu ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá tí ó kọjá kò gba ìjọba. Àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n wà ní ọ̀hún lọ́jọ́ náà ti padà délé.

Nílé, a ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa yé gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. A kò lè dá wọn lẹ́kun pẹ̀lú ìwàásù, a ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀ka méjì ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti gbin ẹ̀gẹ́ àti ata. A ó rí bí yóò ti rí. A sì ń fẹ́ kí àwọn ìyá pọ̀ sí i nínú ìgbìmọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọdún 2025 ṣe ọdún àwọn ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe ní gbogbo ayé, bí wọ́n ti ṣe ní ọdún 2012. A gbé pátákó kọ́, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye àwọn obìnrin tí ó wà nínú fọ́tò náà.

Ọ̀rọ̀ wa tán. Ìdìbò lórí owó ìpamọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì kọ orúkọ ọ̀dọ́ méjì tí yóò kọ́ wíwọn oko kí wọ́n tó kúrò níhìn-ín. Ìyá oníbúrẹ́dì ni alága ìgbìmọ̀ kékeré lórí ajílẹ̀ báyìí. Wọ́n ní kí a sọ fún yín pé àwọn fẹ́ owó ajílẹ̀ lọ́wọ́ kí oṣù kejì tó parí, àti pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn kò níí dúró de oṣù karùn-ún.